Táyà Òsì Ń Gbóná Lẹ́yìn Bíréèkì Tuntun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí!

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mẹkáníìkì ni wọ́n, ló fi pádì àti dísìkì tuntun sí bíréèkì mọ́tò wa. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni.

Lónìí, ní Oríta Mẹ́rin, mọ́tò ń wọ́ bí ẹni pé wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Òórùn nǹkan tó ń jó gbòde láti ibi táyà òsì.

Èmi àti ọkọ mi yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Báwo ni ìyàwó tuntun ṣe fẹ́ sọ pé iṣẹ́ wọn kù díẹ̀? Mo kúnlẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo táyà òsì."

"Ìyàwó, bíréèkì tuntun máa ń gbóná."

Mo ta omi sí irin táyà ọ̀tún, kò ṣe nǹkan kan. Mo ta á sí ti òsì, ó hó ṣìì!

Wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò, táyà kò yí. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì tó ń jẹ́ kí epo bíréèkì jáde, epo tú yàà, táyà sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Rọ́bà tí epo ń gbà ló dí nínú. Mi ò wò ó rárá. Ọ̀la lẹ sì fẹ́ gbé ìyá mi sọ̀kalẹ̀ láti òkè Mápó, bíréèkì ìbá já lójú ọ̀nà."

Wọ́n nujú. "Àbúrò mi, o ṣeun."

"Ìyàwó" ni gbogbo ilé ń pè mí tẹ́lẹ̀ o. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ta ló kọ́kọ́ pè yín ní àbúrò?