Ẹ̀jẹ̀ Tí Àbúrò Báláú Lọ Fún Wọn

Báláú ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí aṣọ tó bá fọ̀ máa ń funfun báláú. Alágbàfọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, òun nídìí ọpọ́n, èmi nídìí áyọ́ọ̀nù. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á mọ ìyẹn ná.

Alágbàfọ̀ mọ àṣírí ọmọ aráyé. Báláú á gbé ṣòkòtò kan sókè, á yíjú sí mi, á ní, "Bàbá, ẹni tó ni èyí parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lánàá." A ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé níbi tí a ń sá aṣọ sí, ó ní egbò kan yọ sí òun lábẹ́. Kò dun òun. Ó ní òun bá obìnrin kan sùn nígbà tí ìyàwó òun lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

"Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò."

"Bàbá, gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn, èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tètè dá ẹ lóhùn."

Kò lọ. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò náà jiná fúnra rẹ̀. Ó fò wọlé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ó ti lọ!" Mo ní kò lọ, ó wọlé ni. Àbààwọ́n tí a kò fọ̀ kúrò, tí a wá gbé áyọ́ọ̀nù lé, ṣe ló ń dì sínú òwú. Ó ní kí n yé fi ẹnu mi pe ibi. Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi. Ó yẹ kí n wọ́ ọ lọ. Mi ò wọ́ ọ.

Ìyàwó rẹ̀ padà dé, ó sì lóyún. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń retí oyún yẹn. Inú Báláú dùn, ṣùgbọ́n mo máa ń bá a níbi tó ti ń yẹ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ wò. Ẹnì kan ló sọ fún un pé àrùn tó ń mú irú egbò yẹn wá lè sú sí àtẹ́lẹwọ́.

Oyún náà pé oṣù mẹ́fà. Ìyàwó ti ilé ìwòsàn dé, ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo ọkọ wá fún àwọn lẹ́jẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Ọ̀rọ̀ yìí ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì ń wí ni pé kí ọkọ wá, kí àwọn fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo la mọ̀ tó ń jẹ́ kí èèyàn fún wọn lẹ́jẹ̀: wọ́n á fà á kún àpò, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ de ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dànù níbi ìbímọ. Ohun tí Báláú gbọ́ nìyẹn. Ohun tí èmi náà gbọ́ nìyẹn.

Ó ní, "Bàbá, tí tèmi bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá lọ fà á sí aláboyún kan lára?"

Ire ló rò. Ó bẹ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe bíríkìlà pé kó lọ bá òun fún wọn, kó sì dárúkọ òun, nítorí nọ́ọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò mọ òun lójú.

Àbúrò padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ń gbọ̀n? Ohun tí wọ́n gbà ò tó oúnjẹ ẹ̀fọn mẹ́ta! Wọn ò tiẹ̀ fún mi ní mílíìkì mu."

Ibẹ̀ ló yẹ ká ti fura.

Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì pe ìyàwó sínú yàrá. Ó ní rẹ́kórẹ́kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àrùn tí wọ́n ń kó lórí ibùsùn. Ti ọkọ mọ́. "Ìyàwó, ẹ lọ ro ibi tí ẹ ti gbé e. Ọ̀dọ̀ ọkọ yín kọ́." Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan. Wọ́n ní kó padà wá gba méjì sí i, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, nítorí ọmọ inú rẹ̀.

Obìnrin náà ò fi bò. Ó gbé ìwé àyẹ̀wò méjèèjì wálé, tirẹ̀ àti ti ọkọ, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. "Mi ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn yín. Mi ò mọ bó ṣe dé ara mi."

Báláú jókòó.

Ìyá Báláú, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ti gbọ́ láti yàrá kejì. Ó jáde. "Ọmọ tèmi mọ́! Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀! Ta ló fún ẹ lóyún yẹn?"

Báláú ṣì jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó sọ fún mi, mo gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Lọ sọ fún un báyìí."

"Kí ni màá wí lójú ìyá mi?"

"Ohun tí o wí fún mi."

"Ẹ̀yin kì í ṣe ìyá mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa méjèèjì ò mọ̀ ni pé ìyàwó ò padà lọ gba abẹ́rẹ́ méjì yòókù. Ojú ń tì í láti rí nọ́ọ̀sì yẹn.

Nígbà tó yá, èmi ni mo mú Báláú lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ṣí ìwé ńlá. "Ẹ ti wá rí. Ẹ̀jẹ̀ yín mọ́."

"Èmi kọ́. Àbúrò mi ni."

"Ẹ rán àbúrò yín wá yẹ ara yín wò? Ṣé òun náà lẹ máa rán wá gba abẹ́rẹ́?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Báláú na apá rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. A jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Bàbá, tó bá mọ́ ńkọ́?"

Mo mọ àdúrà tó ń gbà. Kó má mọ́ ni. Bí kò bá mọ́, ìyàwó rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Kò mọ́. Ó mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an la mú ìwé náà lọ sílé bàbá ìyàwó. Báláú dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà wọ awò ojú, ó gbé ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ tí ọmọ rẹ̀ gbé wá. "Orúkọ kan, ẹ̀jẹ̀ méjì. Èwo ni kí n gbà? Èyí tó fi ọmọ mi ṣẹ̀sín, àbí èyí tí o rà wá fi tù mí?" Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ á ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi ò rí ọjà kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀ ni mo rí.

Obìnrin náà jáde láti inú yàrá. Mo wo ikùn rẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni," ó ní. "Ọkùnrin ni. Kò ké." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́." Ó wá wo Báláú. "Lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀ fún ẹ, o mọ̀?"

Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ẹ̀yin ló máa ń pè é.

"Mo mọ̀," ni Báláú wí.

"O sì jókòó."

"Mo jókòó."

Kò pariwo. Ó bi mí bóyá òun ṣì lè gba abẹ́rẹ́ yẹn. Mo ní ó lè gbà á. Ó ní òun á wá ibòmíràn tí wọn ò ti mọ òun. Ó padà sínú yàrá.

Báláú gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ti mọ́. Wọ́n fún un níwèé. Kò rí ẹni tó máa fi hàn.