Fíìmù Gbájúẹ̀ Tí Mo Gbé Lọ fún Ìyá Mi

Títí di òní, n kò mọ ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ńṣe ló túbọ̀ ń ta kókó.

Ilé kéú ni ilé bàbá mi ní Gàmbàrí. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti kú. Ìyá mi nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn, pẹ̀lú òkìtì pátákó wàláà tí àwọn ọmọ kéú fi sílẹ̀, àti Kùránì kan tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò ní ogún mìíràn tó tó ìwé yẹn. GRA ni èmi ń gbé, nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ kí ìyá mi bí iṣẹ́ bá gbà mí láyè. Iṣẹ́ kì í sábà gbà mí láyè.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé mọ́tò mi síwájú ilé, mo wọlé, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àńtí, ẹ káàbọ̀ o. Ìyá wa ti ń retí yín." Ìyá mi ní ó sọ pé òun kéú lọ́dọ̀ bàbá mi, àti pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wá kí wọn. Mo bi í pé ọdún wo ló kéú níbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kí òun bá mi fọ mọ́tò, eruku ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Kí n tó mọ̀, ó ti pọn omi. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí n tó rántí pé kò dá mi lóhùn. Inú bí mi sí ara mi, nítorí mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kò sẹ́ni tó lè rẹ́ mi jẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tó dá lórí gbájúẹ̀ ọ̀dọ́. Ọmọ náà rẹwà, ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ta ilé onílé, ó di ẹbí ìyàwó níbi ìgbéyàwó tí wọn kò pè é sí, àwọn tó rẹ́ jẹ ló sì tún ń sìn ín sọ́nà. Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Mo dá ẹ̀rín yẹn mọ̀. Ní Sátidé, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi, ó di Gàmbàrí, kí ojú ìyá mi lè là.

Lẹ́yìn ìrun àsárì la wò ó. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá fẹ́ mú ọmọ náà, ìyá mi pariwo: "Sá! Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bá ọ!"

"Ìyá, olè ni o."

"Mo mọ̀. Ṣé ojú mi fọ́ ni?"

"Ṣé kò jọ ẹnì kan tí ẹ mọ̀?"

"Ó jọ ọ́. Tiwa ló kúrú díẹ̀."

Mo gbójú sókè láti fèsì, mo rí i pé orí pẹpẹ tí Kùránì bàbá mi máa ń wà ṣófo. Ìyá mi ní àwọn ti gbé e fún ọmọ tó ń wá kí wọn yẹn kó gbé e lọ fún àwọn oníṣẹ́ awọ, kí wọ́n fi awọ tuntun bò ó, torí èèpo rẹ̀ ti ya.

Mo pariwo mọ́ ìyá mi lọ́jọ́ náà, Ọlọ́hun dárí jì mí. Ó dà bí ìgbà tí bàbá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Mo gba nọ́ńbà ọmọ náà lọ́wọ́ wọn, mo pè é, kò lọ. Mo kàn sí àwọn oníṣẹ́ awọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó rí i. Mo wá a dé ọjà Ìpàtà. Ìyá mi kàn ń wí pé, "Ó ń bọ̀."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a jókòó sí pálọ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan ń bọ́ sálúbàtà lẹ́yìnkùlé. Ó gba ilé ìdáná wọlé. Ọmọ náà ni. Ó fi aṣọ funfun di ìwé náà, awọ pupa tuntun ti wà lára rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, ẹ foríjì mí." Ìyá mi ṣí ìwé náà, wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi tàdáwà kọ láti ojú ewé kan sí òmíràn, wọ́n ṣàdúà fún ọmọ náà. Ó tún gba ẹ̀yìn jáde.

Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ṣé olè ni àbí kì í ṣe olè?"

"Kò kéú níbí rí," ni ìyá mi wí. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ni mo ti mọ̀. Ilẹ̀kùn iwájú ló kàn."

Nígbà náà ni mo rántí. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọmọ kéú gba iwájú. Àlejò ló ń gba iwájú. Àwọn tó ti di àáfà ńlá, tí wọ́n ní mọ́tò, tí wọ́n bá wá kí wa, wọn a yí ilé po, wọn a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Nígbà tí mo gbé ìwé lé e lọ́wọ́, mo sọ fún un pé mo mọ̀. Mo ní bó bá máa dá a padà, kó gba ẹ̀yìn gbé e wá."

"Bó bá tà á ńkọ́?"

"Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé irú ènìyàn wo ni bàbá yín. Ó lè jẹ́ torí ìwé ló ṣe ń bi mí. Ṣùgbọ́n ó ń bi mí." Wọ́n gbé Kùránì sórí pẹpẹ. "Ìwọ náà, láti ìgbà tí o ti ra mọ́tò, iwájú lò ń gbà wọlé."

N kò mọ̀ bóyá ó ti gbìyànjú láti tà á tí kò rí ẹni rà á, tàbí ojú ló tì í. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo gba ilé ìdáná jáde, mo yí gbogbo agboolé po kí n tó dé ìdí mọ́tò mi. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn ín, torí ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo bọ́ bàtà mi sí.