Orúkọ Orílẹ̀-èdè Keje

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ náírà ni kóńgò edé gbígbẹ kan lọ́dún tí mò ń sọ yìí, èyí tí mo ti ṣa ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò o, kì í ṣe ti àwọn tó ń fi yanrìn kún òṣùwọ̀n. Èéfín ibi tí mo ti ń yan án gba gbogbo ẹ̀yìn ilé wa létí omi, ó sì ń wọ yàrá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi láìkan ilẹ̀kùn. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ tí yóò máa pè wọ́n. Èyí tó fẹ́ràn omi jù nínú wọn, Ajíwẹ̀ ni mo sọ ọ́. Èyí tó sanra bí àgbá epo, mo pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i títí dòní. Tíṣà yìí, Akọ̀wé ni mo sọ wọ́n.

Láti ìgbà tí òkun ti gbé ilé-ìwé tí wọ́n ti kọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún lọ, tòun ti pátákó àti agogo, ni ẹnu Akọ̀wé ti pa dé. Pupuru tí mo bá gbé síwájú wọn á tutù síbẹ̀. Látìn àti Gíríìkì àtijọ́ tí àwọn fáàdà kọ́ wọn nígbà èwe, ta ni wọ́n fẹ́ máa bá sọ ọ́? Èmi tí mo sá kúrò ní ìwé kẹta? Àfìgbà tí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ti kọ́ rí, tó ti di òǹkọ̀wé n'Ìbàdàn, pè wọ́n lórí fóònù. Ó ń kọ ìtàn ayé tó ń bọ̀, nígbà tí àwọn kan yóò ti kọ́ ìlú sójú ọ̀run, tí òkun yóò sì ti bo ilẹ̀ tó pọ̀. Orílẹ̀-èdè méje ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí tíṣà òun yí orúkọ wọn sí Látìn tàbí Gíríìkì, nítorí pé èdè tí kò sẹ́ni tó ń fi nájà mọ́, kò sẹ́ni tí yóò torí rẹ̀ bá òun jà. Òun á sanwó lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà ń dúró. Bí kò bá tẹ òun lọ́wọ́ di ọjọ́ Ẹtì, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Akọ̀wé fi ń ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tí omi ti mú wú. Ilẹ̀ Irin, wọ́n pe ìyẹn ní Ferraria. Mo ní ó jọ orúkọ oògùn ikọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. Wọ́n rí orúkọ fún mẹ́fà. Ìkeje ló kù: àwọn tí òkun gba ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi káàkiri. Ọmọ náà ò tíì fún ìyẹn lórúkọ rárá, ó ní kí tíṣà òun wá a fún òun. Ní Ọjọ́bọ̀, mo jókòó lórí àpótí, mo ń fẹ́ edé lórí atẹ, Akọ̀wé jáde wá ka ohun tí wọ́n kọ sí mi létí. Mo bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Àwọn Aláìnílé ni.

Mo gbé atẹ sílẹ̀. "Akọ̀wé, bí mo bá dúró lọ́jà Ugbonla, tí mo pe èèyàn ní Aláìnílé, ta ni yóò dá mi lóhùn?"

"Ìyàwó, wọn ò kúkú nílé."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ò kúkú tẹ́ẹ́rẹ́."

Mo wá bi wọ́n níbo ni ìlú tí wọ́n bí wọn sí wà. Àwa méjèèjì mọ̀ pé abẹ́ omi ni, pé àwọn apẹja ń ta àwọ̀n sórí ibi tó jẹ́ ọjà wa nígbà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sún sẹ́yìn, a kó orúkọ ìlú náà pọ̀ mọ́ ìkòkò àti ẹní, a gbé e kalẹ̀ síbi tuntun, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì báyìí. Kò sì sẹ́ni tó pera rẹ̀ ní aláìnílé nínú wa.

"Ẹ pè wọ́n ní Àwọn Tó Gbé Ilé Wọn Dání." Mo padà sídìí edé mi.

Akọ̀wé ṣí ìwé títí, ni wọ́n bá tún bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ kiri, pé ìgbín ni wọ́n fi ń pè. Ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé ọmọ náà á ní àwọn sọ orílẹ̀-èdè òun di ìgbín. Mo ní kí ló ṣe ìgbín? Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e, kò sì sí láńlọ́ọ̀dù tó lè lé e jáde. Wọ́n kọ Fereoikia sílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jẹ pupuru tán, wọ́n tún bèèrè sí i.

Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ ju mẹ́fà yòókù lọ. Ní báyìí, ó tún ti kó iṣẹ́ mìíràn wá, Akọ̀wé sì ń bá mi ṣàròyé èéfín bíi tẹ́lẹ̀. Bí omi bá tún ń jẹ etí ilẹ̀ wa, mo máa ń wò ó, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ilé-ìwé, kò rí ohun tó wà lórí tíṣà gbé. Ó gbé ọjà, kò rí orúkọ ìlú gbé. Owó tí ọmọ náà san lórí orúkọ keje, Akọ̀wé kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní tèmi ni. Láti kékeré ni mo ti ń yan edé, tí mò ń fẹ́ ẹ, tí mò ń ṣa á, tí èéfín ń yọ mí lójú. Ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ láìdìde lórí àpótí wá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ju kóńgò edé lọ: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.