Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Àbúrò Mi Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní April tó kọjá. Mi ò tíì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun ni mò ń gbé, ní marina kan, ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, ní Toronto. Ọkọ mi ló rà á kó tó kú. Ọmọ mi ní kí n wá máa gbé basement òun ní Springdale. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kí n wá máa gbé abẹ́ ilẹ̀ bí iṣu? Mo kọ̀!

Spring níbí kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń yà á sára káàdì o. Yìnyín ti yọ́ lórí lake lóòótọ́, mo sì ti tú ọ̀rá funfun tá a fi ń bo ọkọ̀ nígbà òtútù, àmọ́ wọn ò tíì ṣí ẹ̀rọ omi fún wa. Kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń pọn omi, òtútù sì ń gba abẹ́ pákó wọlé. Ìgbà yẹn ni Dúpẹ́, àbúrò mi kan ṣoṣo, wá kí mi láti Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ rí mi kí ọjọ́ tó lọ jù.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló mú kí n gbà á lálejò. Ẹjọ́ wà láàárín wa. Nígbà tí ìyá wa kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, oṣù mẹ́ta gbáko ni Dúpẹ́ fi ń purọ́ fún mi lórí fóònù. Tí mo bá ní kó gbé fóònù fún Màmá, á ní wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kejì, á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀! Èmi àkọ́bí ń ra súwẹ́tà ránṣẹ́ sí òkú! Wọ́n ní wọn kì í túfọ̀ lórí fóònù fún ẹni tó wà lókè òkun, kí àyà rẹ̀ má baà já. Ta ló bi wọ́n léèrè àyà mi?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún Dúpẹ́: ṣé Màmá béèrè mi lọ́jọ́ tí wọ́n kú? Mo ti ń gbé e kiri láti ìgbà yẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, mi ò rí i bi. Dúpẹ́ fi orí gbá àjà ọkọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ilé lẹ pe èyí àbí kọ́bọ́ọ̀dù?"

Mo ní, "Kọ́bọ́ọ̀dù ni. Ó kàn jẹ́ pé òun kì í purọ́ fún èèyàn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ lo oògùn BP rẹ̀.

Ní àárọ̀ Tuesday ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ pọn omi, fóònù mi dún. Káyọ̀dé ni, àkọ́bí Dúpẹ́. Ó ní bàbá òun ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n sì ti kú. "Big Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy o. BP wọn! Ẹ jẹ́ kí wọ́n délé ná."

Ṣé ẹ rí i? Èmi!

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì padà. Dúpẹ́ ti ro ògì sílẹ̀, ó ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́. Mo jókòó, mo mu ún. Kì í ṣe nítorí BP rẹ̀ nìkan ni mo fi dákẹ́. Ibì kan nínú mi ń sọ pé kí Dúpẹ́ náà tọ́ irú irọ́ yẹn wò. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni mí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra bàtà fún ọkọ rẹ̀ ní Mississauga. Ó bi mí bóyá kò ní fún wọn lẹ́sẹ̀. Mo ní kò ní fún wọn.

Ní ọ̀sán Thursday, ó ní òun ti ń pe Bàbá Káyọ̀dé láti àná, wọn ò gbé e, pé kí n bá òun fi fóònù tèmi pè wọ́n. Mo ní Káyọ̀dé ti pè mí, pé bàbá rẹ̀ ń sùn.

Dúpẹ́ wò mí títí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo lò, ó sì dá a mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo ni wọ́n kú?"

Mo ní Tuesday.

Kò ké. Ó dá bàtà náà padà sínú páálí, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdérí rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé àárọ̀ tá a jọ mu ògì yẹn ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin tiẹ̀ rí oúnjẹ jẹ," ló wí. "Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, tí mo bá ti bá yín sọ̀rọ̀ tán, mi ò lè fi nǹkan kan sẹ́nu."

Lọ́jọ́ tí mo sìn ín lọ sí airport, ìbéèrè mi ṣì wà lọ́fun mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi opó tuntun léèrè òkú ọjọ́sí, èmi tí mo wo ojú rẹ̀ tí mo ń mu ògì?

Mi ò tíì dárí jì í, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ mo ti mọ̀ báyìí pé ẹnu tó ń sọ pé òkú ń sùn kì í ṣe ẹnu èèyàn burúkú nìkan. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ẹ má fi òkú pamọ́ fún ẹni tó ni ín, ẹ sì tètè béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ béèrè.

Mo ti pe fóònù Dúpẹ́ ní Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yìí. Káyọ̀dé ló ń gbé e. Ó ní Mummy ń sùn.

Ta ni wọ́n ti ṣe irú èyí fún nínú yín? Ta ló ti ṣe é fún ẹlòmíì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń kà á, fóònù mi wà lórí itan mi.