Òdòdó Tí Dúróríkẹ́ Gbìn Sẹ́yìn Àgọ́ Aró

Ẹ má yin òdòdó yẹn lójú mi. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín, kó lọ dúró lójú ọ̀nà Òkèhò, níbi tó ti bo ilẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì dé ìdí àpáta, kó máa yìn ín lọ. Èmi Àwáwù mọ ẹni tó gbé e wọ agbolé wa, mo sì mọ ẹni tó sọ di aláìníṣẹ́.

Ìyálé mi, Ìyá Dúróríkẹ́, ni mò ń wí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ aró. Ní Ìsẹ́yìn nígbà náà, ahunṣọ òfì tó bá fẹ́ òwú tó dúdú dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e wá. Èlú la fi ń ṣe aró tiwa, èlú gidi, tó ń fà lórí igi nínú igbó tí ìyá ọkọ wa fi sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ilé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó já ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé rẹ̀, a ó gún un, a ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn. Ó wá ku omi eérú àti sùúrù. Aró ti wọ ìyálé mi lára débi pé n kò rí èékánná rẹ̀ kó funfun rí. Ọkọ rẹ̀ a máa pariwo pé, “Aláró, má fọwọ́ kan fìlà mi o!” Gbogbo ilé a sì rẹ́rìn-ín.

Àbíkú fojú obìnrin yìí rí màbo. Ó ti sin ọmọ mẹ́rin kí Dúróríkẹ́ tó dé. Ní agbolé tiwa, ọmọ tó bá dúró lẹ́yìn irú wàhálà bẹ́ẹ̀, a kì í hú ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Wọ́n ní ohun náà ló so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ayé. Bí Dúróríkẹ́ bá ri hóró àgbàdo kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ là ń gbà kọjá.

Dúróríkẹ́ wá lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn. Lọ́dún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ńlá Fẹ́sítákì ní Èkó, ó ti Ìbàdàn mú igi òdòdó kan wálé. Ó ní ọgbà òyìnbó kan lòun ti gé e. Ó rì í sẹ́yìn àgọ́ aró, ó ní, “Màmá, bí ẹ bá ń rántí mi, ẹ máa wo èyí.” Kò pẹ́ tó fẹ́ Cornelius, òṣìṣẹ́ ìjọba, ìyẹn sì gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì.

Áà, igi náà hù! Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ó ti ga ju àgọ́ lọ, ó yọ òdòdó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè. Atẹ́gùn ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Lọ́dún kejì mo bá a nínú igbó èlú. Mo gbé àdá.

“Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ìyálé mi. Ẹ jẹ́ n gé e.”

Ó bọ́ síwájú mi, ó na ọwọ́ dúdú méjèèjì. “Ìyàwó, bí o bá gé e, orí ọmọ mi lo gé. Jọ́ọ̀sì jìnnà. Lẹ́tà rẹ̀ kò dé mọ́. Kí ni n ó máa wò tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀?”

“Aró la fi ń jẹun o, a kì í fi òdòdó jẹun!”

“Aró kọ́ ni yóò sin mí.”

Mo ju àdá sílẹ̀, mo ń kùn wọlé. Inú bí mi, n kò ní purọ́.

Òdòdó náà ga ju èlú lọ, ó gba oòrùn mọ́ ọn lójú. Ní ọdún ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá, iná oko jó ibẹ̀ kanlẹ̀. Mo ní àlùhàmùdúlílàhì, ó ti parí fún un. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òdòdó hù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èlú ni kò hù mọ́.

A wá èlú dé Ìwéré-Ilé, ẹsẹ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó yá, ìyálé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra aró òyìnbó inú agolo. Àwọn ahunṣọ dá òwú rẹ̀ padà, wọ́n ní, “Ìyá, ó ń ṣá.” Wọn kò wá mọ́. Adìẹ wá ń yé ẹyin sínú ìkòkò aró.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Dúróríkẹ́ ni, pẹ̀lú Cornelius àtàwọn ọmọ. Ìyálé mi ń jó, ó ń sunkún. Ọmọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Màmá, ọwọ́ yín mà ti mọ́! Cornelius, wo ọwọ́ ìyá mi! Mo ti sọ fún un pé ó dúdú bí ìdí ìkòkò.” Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ìyálé mi bá a rẹ́rìn-ín.

Ó wá fà á lọ sẹ́yìn àgọ́. Òdòdó ti yọ láti ibẹ̀ títí dé ibi tí ojú lè ríran dé.

“Háà! Ó mà rẹwà o. Màmá, ta ló gbìn ín?”

Àsìtàfúrúlàí! Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n ìyálé mi já mi léèékánná lápá.

“Atẹ́gùn ló gbé e wá,” ló sọ.

Wọ́n já díẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí Jọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ ìró àdá lẹ́yìn àgọ́. Ìyálé mi ni. Mo bi í pé, “Orí ọmọ yín ńkọ́?”

“Ọmọ mi wà láàyè, ìyàwó. Kò tilẹ̀ rántí pé òun gbin òdòdó kan.”

Mo gbé àdá tèmi, mo bá a gé e. A gé títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí a rí ilẹ̀, ìtàkùn èlú kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Oje òdòdó ti kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tútù. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ọwọ́ náà sì mọ́ pátápátá, bí ẹni tí kò fọwọ́ kan aró rí.