Àwọn Ìkarahun Tí A Kì Í Kà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kò tíì rí bí ẹ ṣe ń rí i lónìí. Apá kan ti dán, apá kan ṣì jẹ́ iyanrìn, kátápílà sì wà níbi gbogbo bí ẹni pé àwọn ló ni ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ló wó abúlé wa tó wà létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ajah. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé àdúgbò Abraham Adésànyà báyìí, ẹ máa ń bi mí pé, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n tì yín mọ́lé ní fásitì?" Lóòótọ́ ni. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni n ó ṣe kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìkòkò kan fún yín. Ní abúlé wa, bí obìnrin bá bímọ, tí ogójì ọjọ́ sì pé, á lọ sétí òkun, á ṣa ìkarahun kan. Á fa òwú kan yọ lára ọ̀já tó fi kọ́kọ́ pọn ọmọ náà, á so ó mọ́ ìkarahun, á sì fi í sínú ìkòkò ńlá kan tó wà ní àgbàlá àgbà obìnrin abúlé. Kò sí ẹbọ, kò sí ètùtù. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, lémọ́ọ̀mù wa mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì bá wa jà. Ọmọ dàgbà o, ọmọ kú o, ìkarahun rẹ̀ kì í jáde. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Nígbà tí kátápílà dé, oníkálukú gbé ohun tí agbára rẹ̀ ká. Àwa kan kó sí yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọjà Ajah, àwọn kan lọ sí Ìbéjú, àwọn kan sì wà tí n kò mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí títí dòní. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé ìkòkò sí, ṣùgbọ́n ó wúwo, yàrá sì há. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń wá ya àwòrán àwọn ọkọ̀ ojú omi wa, Dàpọ̀ lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní fásitì kan tí kò jìnnà sí wa. Ó ní, "Ìyá Mùrí, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi ríbi gbé e sí." Ó mú ìwé kan jáde. Èmi nìkan ni mo lè kọ orúkọ mi nínú àwọn obìnrin tó wà nítòsí, inú mi sì dùn pé ẹnì kan ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. N kò ka ohun tó wà lókè rẹ̀. Àwọn yòókù mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkòkò wà, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, Ìyá Bọ́sẹ̀, ríṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí fásitì yẹn gan-an. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó wọlé bá mi níbi tí mo ti ń yan ẹja, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Mùrí, mo rí Bọ́sẹ̀ lára ògiri."

"Bọ́sẹ̀ wo? Èyí tó wà ní Ìbàdàn?"

"Ìkarahun rẹ̀ ni mo ń wí. Wọ́n gbé e kọ́ ìṣó, wọ́n kọ nọ́mbà sí i lára. Gbogbo wọn pátá. Wọ́n ti kà wọ́n, Ìyá Mùrí. Wọ́n kà wọ́n tán."

Ẹja jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ní àfihàn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń ṣe, lórí ẹ̀mí àti ìgbàgbọ́ àwa aláwọ̀ dúdú. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọn yóò di gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, ó di òkè òkun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa obìnrin tó kù ní Ajah rìn gba inú iyanrìn títì, a sì wọ gbọ̀ngàn àfihàn náà ní fásitì. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ṣíwájú, ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè ti ibẹ̀ bọ́. Ìkòkò wa wà nínú àpótí gíláàsì, òfìfo. Àwọn ìkarahun tò lára ògiri bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, nọ́mbà pupa lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dá ti Ràfíátù mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀já aláró ni mo fi pọ̀n ọ́n. Ibà ló pa á kí ó tó mọ ìrìn. N kò ní fọ́tò rẹ̀. Ilé tí mo bí i sí ti di títì. Òwú yẹn nìkan ló kù.

Sìkiọ́rítì ẹnu ọ̀nà, ọmọ Ìsẹ́yìn kan, ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ìkòkò fún wa: "Ojúbọ Ìyá Omi."

"Ìyá Omi wo?" Ìyá Bọ́sẹ̀ fèsì. "Èmi ni mo ń pọnmi lábúlé yẹn. Ṣé èmi ni wọ́n ń bọ?"

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, a ṣí gèlè wa, a jókòó sílẹ̀. Nílé wa, obìnrin tó bá ṣí gèlè tó fi ìdí lélẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kì í dìde láìgbọ́ èsì. Bí ó bá dìde, ó ti jẹ̀bi nìyẹn. A mọ èyí kí a tó jókòó.

Ọ̀gá tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà, obìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú, jáde. "Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, àṣà yín náà la ń gbé lárugẹ níbí."

Mo ní, "A rí i. Àwọn ọmọ wa la wá gbé."

Kò bá wa pariwo. Ó kàn jáde, ó sì ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn gíláàsì láti ìta. Bó ṣe di pé a wà nínú àgò bí adìyẹ nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, a kò lè dìde. Bí a bá dìde, ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wa láti òkè títí eyín wa fi ń gbá ara wọn. Àwọn àlejò tó wá láti Oniru dúró lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n ń ya fọ́tò wa. Ọ̀kan tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Wọ́n ti fi wá kún un. Ó ku kí wọ́n kọ nọ́mbà sí wa lórí."

Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, sìkiọ́rítì yọ́ gbé búútà omi wọlé fún wa. A jókòó kírun. Korobá tí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi ń nulẹ̀, tó wà ní igun gbọ̀ngàn, ló gbà wá lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀. A fi ìró bo ara wa, ẹ̀yìn wa sì kọ sí àwọn ayafọ́tò.

Lẹ́yìn ìrun ni ọ̀gá padà dé pẹ̀lú Dàpọ̀. Dàpọ̀ kò lè wò mí lójú. Ọ̀gá na ìwé kan sókè. "Ẹ̀bùn ni wọ́n fi ṣe. Orúkọ ẹni tó fún wa nìyí." Ó sì ka orúkọ mi síta.

Òtútù ibẹ̀ kò tó ti ojú tí àwọn obìnrin wa fi wò mí. Ìyá Bọ́sẹ̀ yí sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìwọ?"

"Èmi ni. Ó ní òun fẹ́ bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. N kò kà á."

"Ìwọ tó o máa ń fi ìwé mẹ́ta yangàn sí wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rò pé yóò dìde, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó kàn sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ó dáa. Bí ó bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, mélòó ló wà nínú ìkòkò nígbà tí ẹ gbé e kalẹ̀? Tí iye tiyín bá bá tiwa mu, a ó jọ sọ̀rọ̀."

Ẹ wo ibi tí ó há wa sí: kí a tó lè gba àwọn ọmọ, a ní láti ṣe ohun tí a torí rẹ̀ wá bá wọn jà.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Madam, ṣé ẹ̀yin máa ń ka àwọn ọmọ ìyá yín kí ẹ tó mọ̀ pé ilé yín lẹ wọ̀?"

Ìgbà náà lọgbọ́n dé sí mi. Ọgbọ́n ọjà lásán ni. Bí ẹja tèmi bá dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, a kì í kà á, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ìyá kọ̀ọ̀kan sọ irú òwú tí òun so àti bí òun ṣe so ó, nítorí kókó rẹ̀ kò hàn láti ibi tí a jókòó sí, kí ẹ tó gbé ìkarahun súnmọ́ ọn. Bí ó bá sọ ọ́ tó bọ́ sí i, tirẹ̀ ni. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ ti wá jáde."

Dàpọ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Èmi ni mo purọ́ fún wọn."

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. "Òwú pupa, mo so ó ní kókó méjì, nítorí Bọ́sẹ̀ kò tètè sunkún nígbà tí mo bí i." Dàpọ̀ wá a kàn, ó gbé e wá. Kókó méjì ló wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ, tí ó sì ń bọ́ sí i. Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì gbé e wọ̀ mọ́.

Ó ní ká máa gbé èyí tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò àti ìkarahun tí kò rí ìyá rẹ̀ yóò dúró, nítorí ìwé ti wà. Ó gbà pé wọn kò ní lọ sí òkè òkun. Ó fẹ́ kí n tún fọwọ́ sí ìwé mìíràn. Mo ní kí ọmọ Ìsẹ́yìn yẹn kọ́kọ́ kà á fún wa dé ìsàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì: wọn kò ní kó wọn lọ sí òkè òkun, ìyá tó bá sì wá sọ òwú tirẹ̀ yóò gba tirẹ̀. Mo wá fọwọ́ sí i.

Ó wá kan èmi. Ti Mùrí wà lára ògiri, ti Ràfíátù náà wà níbẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Tìẹ ńkọ́?"

Mo wo àwọn tó kù. Ọmọ àwọn tó ti kú ni, ọmọ àwọn tó wà ní Ìbéjú tí ìròyìn kò tíì dé bá, ọmọ àwọn tí n kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ìwé mi ló mú wọn débẹ̀. Bí mo bá mú tèmi lọ, kò sẹ́ni tí yóò máa béèrè wọn.

"Jẹ́ kí wọ́n wà," ni mo wí.

Dàpọ̀ kó wọn kalẹ̀ síwájú mi, mo bọ eteetí gèlè mi sínú omi tó ṣẹ́kù nínú búútà, mo fi nu nọ́mbà ara wọn kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyá Bọ́sẹ̀ wò mí díẹ̀, ó bọ tirẹ̀ náà sómi, ó sì bá mi nu wọ́n. Dàpọ̀ kó wọn padà sínú ìkòkò, a dìde.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ní kí Ìyá Bọ́sẹ̀ má wá síbi iṣẹ́ mọ́. A ń yan ẹja pọ̀ báyìí. Kò fi ìwé mẹ́ta bú mi mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbàgbé. Àwọn ìyá kan láti Ìbéjú ti wá sọ òwú tiwọn, wọ́n sì gbé ọmọ wọn lọ. Ìkòkò ò kúrò nínú gíláàsì. Títì ò kúrò lórí abúlé. N kò lè sọ pé a borí, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ pé a lọ lásán.

Gbèsè tó wà lọ́rùn mi ni àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ni ẹ kù. Bí ìyá ìyá yín bá ti etí ọ̀sà wá, ẹ bi í léèrè irú òwú tó so. Bí ẹ bá dé fásitì náà, ẹ wo inú ìkòkò, ẹ ó rí òwú aláró kan. Ràfíátù ni. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ kí àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má kà wọ́n.