Fẹ́sípà Tó Máa Ń Kú Lọ́jọ́ Mọ́ńdè

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn epo mọ́tò, mo máa ń di imú. Epo kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Alùpùpù fẹ́sípà kan ló fà á, aláwọ̀ ewé, tí mo rà ní àlòkù nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Challenge n'Ìbàdàn, láyé ìjọba àwọn sójà.

Àgbowó ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi wà lọ́jọ́ tí mọ́tò kọ lù wọ́n tí wọ́n fi kú, ìdí nìyẹn tí ìyá mi ò fi fẹ́ rí ohunkóhun tó bá ń fi táyà méjì rìn. Èmi nìkan ni wọ́n bí.

Bí mo bá ń fún un lépo, fẹ́sípà yìí á máa lọ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dẹwọ́ báyìí, bóyá ọlọ́pàá dá wa dúró ní Mọ́kọ́lá tàbí mọ́tò dí ọ̀nà ní Dùgbẹ̀, ó kú nìyẹn. Sílò rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ò dúró rárá. Màá wá máa fi ẹsẹ̀ ta á nípàá lójú títì, tèmi ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, àwọn onítakisí á sì máa fọn fèrè lé mi lórí. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa ń ṣe é. Tí mẹkáníìkì bá ti fọ kábúrétọ̀ rẹ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ara rẹ̀ á yá títí di Sátidé.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa kì í gbọ́ àwáwí. Wọ́n ní bí mo bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta sí i, àwọn á kọ̀wé kí wọ́n gbé mi lọ sí abúlé. Ta ni màá wá fi ìyá mi sílẹ̀ fún n'Ìbàdàn?

Ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà ni mẹkáníìkì mi wà. Ká má parọ́, ọkùnrin náà ń rí mi lára. Á yọ jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tí epo ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá, á kì í bọ ẹnu, á fẹ́ ẹ fùú, epo á máa ro sí irùngbọ̀n rẹ̀. Àkísà tó fi nu kábúrétọ̀ náà ló fi ń nu imú. Lẹ́yìn náà á yí sílò sókè, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, á ní, "Tíṣà, ó ti bọ́ sí i." Ibo ló bọ́ sí? Tó bá di Mọ́ńdè, a tún ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti fẹ́sípà lọ bá a lẹ́yìn iṣẹ́, mo bú u dáadáa. Ó tú kábúrétọ̀, ó da epo inú rẹ̀ sínú ife onígíláàsì, ó gbé e sí mi lójú. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀.

"Ẹ wò ó fúnra yín, tíṣà. Ta ló ń bomi sí táǹkì yín?"

"Ìwọ ni," mo ní. "Kí n lè máa padà wá." Mo pè é ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ó rọra nu ọwọ́. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ lọ wá a nílé yín. Ẹ gbé fẹ́sípà yín kúrò níwájú mi."

Fúráìdeé ni lẹ́tà tí wọ́n fi gbé mi kúrò dé. Abúlé kan lódì kejì odò ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn débẹ̀ láti ibi tí mọ́tò ń já èrò sí. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá mi.

Orí fífọ́ ò jẹ́ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo wà lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí ìyá mi dé, nínú aṣọ àdúrà wọn funfun, láìwọ bàtà. Wọn ò wọlé. Ìdí fẹ́sípà ni wọ́n kọrí sí, wọ́n ṣí táǹkì, wọ́n sì ń da omi àdúrà tí wọ́n gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀.

Mo jáde. "Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo fi ń ṣọ́ ẹ ni. Ìdérí ìgò kan péré ni mo máa ń dà sí i tẹ́lẹ̀. Nígbà tí o wá ń sọ pé ó ń kú lójú ọ̀nà, mo mọ̀ pé ọ̀tá ò sinmi, mo bá fi kún un."

Ara mi rí mi lára. Gbogbo èébú tí mo bú mẹkáníìkì Bódìjà yẹn padà sí mi lẹ́nu, ó korò. Mi ò sì lọ bẹ̀ ẹ́ títí mo fi kúrò n'Ìbàdàn, ìyẹn ló ń kó mi nírìíra jù. Mo fẹ́ kígbe mọ́ ìyá mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Lẹ́tà ni mo fà yọ.

"Màmá, wọ́n ti gbé mi lọ sí abúlé. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ṣẹ́kù síbí. Fẹ́sípà ò lè dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni màá máa fi rìn."

Wọ́n gbé ìgò sílẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tí ọ́ìlì ti bà jẹ́, tàwọn taṣọ funfun.

"Ọlọ́run, o ṣé. Ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ fún nìyí látọjọ́ tó ti gbé fẹ́sípà yìí wálé. Ọmọ mi ò ní kú ikú bàbá rẹ̀."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń retí mi. Mo ní, "Àmín."